Ọdún Tí Sájẹ́ńtì Gbé Ẹ̀yìnkùlé Wa

Ọmọláńkẹ́ mẹ́rúwà ló máa ń jí wa láàárọ̀ nígbà tí a ń gbé Karmo ní Abuja. Táyà rẹ̀ kan ti wọ́, nítorí náà láti ìsàlẹ̀ àdúgbò ni a ti máa ń gbọ́ ọ tí yóò máa ké fíìn-fíìn bọ̀, títí Málàm Sáni tó ń tì í yóò fi dúró lẹ́nu géètì wa, tí yóò fi ọwọ́ gbá gálọ́ọ̀nù omi lẹ́ẹ̀mẹta. Ohùn Màmá mi ló máa ń tẹ̀lé e láti ilé ìdáná. Tíṣà ni Màmá mi, bó sì ṣe ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ náà ló ṣe ń pe èmi àti Tósìn àbúrò mi, orúkọ wa àti orúkọ bàbá wa, bí ẹni pé Ẹ̀bùn mìíràn tún wà nínú ilé tó lè ṣèèṣì dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ni rédíò Bàbá mi. Lẹ́yìn rédíò ni ikọ́ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàbá mi, tí yóò jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú pákò lẹ́nu, tí yóò máa kí ohun gbogbo tó bá rí, "Okun o, okun o," bí wọ́n ṣe ń kíra wọn ní ìlú rẹ̀ nílẹ̀ Okun, ì báà jẹ́ ènìyàn, ì báà jẹ́ adìẹ aládùúgbò. Lọ́dún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ohùn kan tún kún un. Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń wá, ó ń dún fùùù, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń tú afẹ́fẹ́ inú táyà. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, inú mi á dùn, màá mọ̀ pé Sájẹ́ńtì ti jí.

Awọ́nríwọ́n ni Sájẹ́ńtì. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń kà á yóò máa bi ara rẹ̀ léèrè irú ìdílé tó ń fi awọ́nríwọ́n ṣe ẹran ọ̀sìn. Ìdílé òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan, ní ọ́fíìsì tí àwọn mẹ́rin ti jọ ń lo tábìlì mẹ́ta, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí kò ní ohun tó ń sìn sílé de ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nìyẹn, mo sì lérò pé wọ́n ń ráyè ṣe iṣẹ́ ìjọba díẹ̀ sí i. Bàbá mi ti gbìyànjú tirẹ̀. Ó sin ìgbín, òjò rọ̀, àwọn ìgbín gun ògiri lọ, gbogbo àdúgbò sì jẹ ọbẹ̀ ìgbín fún ọ̀sẹ̀ kan láìsí ẹni tó wojú wa tààrà. Ó sin ẹja, ooru pa wọ́n sínú tánkì. Ó sin ọ̀yà méjì, àwọn ìyẹn jẹ ilẹ̀kùn àgò wọn tán, wọ́n bá tiwọn lọ. Bí ọ̀kan bá ti bàjẹ́, Màmá mi á ní ẹni tó lé eku méjì á pòfo, Bàbá mi á ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Òwe méjì yìí ni wọ́n fi ń bá ara wọn jà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, wọn ò sì ní ẹ̀kẹta.

Bó ṣe di pé ó ra awọ́nríwọ́n ni pé ó ronú títí, ó ní ohun tí gbogbo ènìyàn ń sìn kò lè mówó wá, ohun tí gbogbo ènìyàn ń jẹ tí ẹnikẹ́ni kò sìn ni ọlọ́gbọ́n ń wá. Lọ́jọ́ Sátidé kan ó gbé àpò ìrẹsì méjì wálé tí nǹkan ń jà nínú wọn. Ọdẹ kan ló tà wọ́n fún un, ọdẹ náà sì fi ìyá rẹ̀ búra pé akọ kan abo kan ni. Ẹ má bi mí bí ọdẹ ṣe mọ̀. Bàbá mi ní kó tó pé ọdún wọn á yé ẹyin, ẹyin á pa, ẹ̀yìnkùlé á kún, òun á sì máa wo àwọn tó ń sin ìgbín láwòrẹ́rìn-ín. Àgò kan tí káfíńtà ti fi nẹ́ẹ̀tì wáyà àti pákó àlòkù kàn ló kó wọn sí, lábẹ́ igi máńgòrò.

Ìyá Àgbà ti wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ó wá fún ìtọ́jú ojú ní ọ̀pọ̀ oṣù sẹ́yìn, ojú ti san, ṣùgbọ́n Bàbá mi kò jẹ́ kó padà, ó ní kí ni ìyá òun ń dá gbé abúlé ṣe. Ó jáde wá wo ohun tí ọmọ rẹ̀ gbé wálé, ó wò ó, ó sì pòṣé. Ó ní olè ni Bàbá mi fi owó rà wá sílé. Ó ní kò sí adìẹ kan tí òun sìn rí tí awọ́nríwọ́n kò jí ẹyin rẹ̀ jẹ, pé lọ́dún kan òun bá ọ̀kan nínú ìtẹ́ adìẹ òun tó ti gbé ẹyin mì tán tó tún ń wo òun lójú. Láti ọjọ́ náà, olè ló ń pè wọ́n. "O ti fún olè lóúnjẹ?" ni yóò bi mí bí mo bá ti ilé ìwé dé.

Èmi ni wọ́n fi iṣẹ́ bíbọ́ wọn fún. Ohun àkọ́kọ́ tí Bàbá mi sọ fún mi ni pé n kò gbọ́dọ̀ fún wọn lórúkọ. "Ẹran títà ni, Ẹ̀bùn. A kì í sọ ẹran títà lórúkọ. Don't even try it." Mo ní yes sir. Ní ọjọ́ kejì gan-an ni mo ti mọ̀ pé èyí tó tóbi nínú wọn ní ìlà funfun mẹ́ta ní èjìká, bíi ti àwọn sójà, bẹ́ẹ̀ ni mo sì tẹ ẹnu mọ́ nẹ́ẹ̀tì tí mo sọ ọ́ ní Sájẹ́ńtì. Èkejì tó kéré di Kọ́púrà. Kò sí ẹni tí mo sọ fún, Tósìn gan-an kò mọ̀, nítorí kò sí àṣírí tí Tósìn gbọ́ tí kò ní dé etí Màmá mi kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àwọn ẹran yìí kọ̀, wọn ò jẹun. Bàbá mi kó ewé ọ̀dùnkún fún wọn bó ṣe máa ń kó o fún ọ̀yà, wọ́n sùn lé e lórí. Ó ro ẹ̀bà fún wọn. Mo rántí bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ síwájú àgò pẹ̀lú tàì lọ́rùn, tó ń pọ́n òkèlè ẹ̀bà kékeré, tó ń sọ pé ẹ jẹ ẹ́, ẹ jẹ ẹ́. Nígbà tó na ọwọ́ wọlé, Sájẹ́ńtì fi ìrù nà án lọ́wọ́, ó tún fi nà án lẹ́sẹ̀ nígbà tó ń sá. Ọ̀sẹ̀ kan ló fi tiro, ó sì sọ fún wọn lọ́fíìsì pé bọ́ọ̀lù lòun gbá. Màlúù tó bá kọ koríko, wọ́n á pe dókítà sí i, ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń pè sí awọ́nríwọ́n? Málàm Sáni ni Ọlọ́run lò. Ó ń da omi sínú dúrọ́ọ̀mù wa lọ́jọ́ kan, ó gbójú sókè, ó rí wọn. "Kai, damo," ó ní, ẹnu yà á. Ó wá fi ìdajì Hausa àti ìdajì Yorùbá tó kọ́ lẹ́nu àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣàlàyé fún wa pé lábúlé àwọn, wọ́n ń pe damo ní sarkin hakuri, ọba sùúrù, nítorí ó lè wà láìjẹun fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀bi wa ni. Ta ló ní kí a gbé e sábẹ́ igi? Ara damo tútù, bí oòrùn kò bá kọ́kọ́ yá a, ikùn rẹ̀ kò ní jí. Òun àti Bàbá mi gbé àgò náà síbi tí oòrùn àárọ̀ ń kọ́kọ́ kàn, ó sì ju orí ẹja kan tó tọrọ lọ́wọ́ Màmá mi sí i. Sájẹ́ńtì yọ ahọ́n, ó yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó gbé orí ẹja náà mì lódindi, ó sì nu ẹnu rẹ̀ sára pákó lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ta mí. "Yauwa," Málàm Sáni ní, ó ti ọmọláńkẹ́ rẹ̀ lọ.

Bí wọ́n ṣe wá ń jẹun nìyẹn, ẹ kò tíì rí ọ̀jẹun. Ayé mi wá di ayé ẹni tó ń wá oúnjẹ kiri. Bí a bá ti jáde nílé ìwé, màá yà lọ́dọ̀ àwọn tó ń pa adìẹ ní ọjà Karmo, wọ́n á ti di ìfun adìẹ sínú ọ̀rá dè mí, wọ́n sì ń pè mí ní Ìyá Ajá torí n kò sọ irú ẹran tó wà nílé wa fún wọn. Èmi àti Tósìn ń lé tata nínú pápá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. A ń fi tọ́ọ̀ṣì wá aáyán nínú kọ́bọ́ọ̀dù, débi pé Màmá mi tó ti ń bá aáyán jà láti ọdún gbọ́ọrọ jẹ́wọ́ lọ́jọ́ kan pé awọ́nríwọ́n yìí kàn lè jẹ́ ìdáhùn àdúrà. Omi ni kò jẹ́ kó dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Abọ́ omi ńlá kan wà nínú àgò, àwọn ẹran yìí ń mu ún, wọ́n ń sùn sínú rẹ̀, wọ́n sì ń ṣu sí i, ojoojúmọ́ ni a sì ń pààrọ̀ rẹ̀. Màmá mi á dúró lójú fèrèsé ilé ìdáná, á ní òun Àdùnní ọmọ Èkìtì, tòun ti ìwé ẹ̀rí òun, òun ń fi ìlàjì bọ́kẹ́ẹ̀tì wẹ̀, ẹranko sì wà nínú omi tó kún dé ọrùn.

Ẹyin ló fa ìjà gidi. Gbogbo ẹran yìí ló fẹ́ràn ẹyin ju ohunkóhun lọ, Bàbá mi sì ti ka á sínú ìwé kan pé ẹyin dára fún èyí tó bá fẹ́ yé. Màmá mi gbà pé kí n máa mú ẹyin méjì lọ́sẹ̀, ọ̀kan ní Ọjọ́rú, ọ̀kan ní Sátidé. Orí fíríìjì ni kíréètì ẹyin ń wà, Màmá mi sì máa ń kà á. Nígbà tó di bí oṣù kẹta tí a ti ń sìn wọ́n, ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Mẹ́ta lọ́sẹ̀ yìí, mẹ́rin lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ó pè mí. Mo ní èmi kọ́. Ó bi mí pé ta ni, ṣé Bàbá mi ni, ṣé Ìyá Àgbà tí kò ti ẹ̀ fẹ́ fi ojú rí olè?  Ó ní bí mo bá ti fi ẹyin tó yẹ kí ọmọ ènìyàn jẹ fún ẹranko, ẹyin tèmi ni mo fún un nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá din ẹyin, tí wọ́n bá sè é, Tósìn á jẹ, èmi á máa wò ó. Mo kúnlẹ̀, mo sunkún, mo búra, Màmá mi kò yí i padà. Ó dùn mí wọra. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé mo rò ó pé bóyá èmi náà ni, pé bóyá mo ń mú un mo sì ń gbàgbé. Ìyá Àgbà nìkan ló máa ń ṣàánú mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá jẹ ẹyin láìfún mi, á pè mí sí yàrá rẹ̀, á já ẹran inú oúnjẹ tirẹ̀ sí méjì, á fi èyí tó tóbi sí mi lọ́wọ́. Mo rò pé ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà nínú rẹ̀ tí n kò mọ̀.

Ní báyìí tí mo ti dàgbà tí èmi náà ń gbé ìlú tí n kò ti mọ aládùúgbò, mo máa ń ronú nípa bí ọjọ́ ṣe gùn tó fún Ìyá Àgbà ní Karmo. Kó tó di aago méje a ti jáde tán. Bàbá mi á wọ ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì, Màmá mi á kó àwa méjèèjì dání lọ sílé ìwé, ilé á wá dákẹ́ títí di aago mẹ́rin. Àwọn obìnrin àdúgbò ń kí i ní gúùd mọ́níǹ, ó sì ń dá wọn lóhùn ní okun o, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ń parí sí. Àwa ọmọ ilé ni kò tún jẹ́ kó dára. A gbọ́ gbogbo ohun tó bá sọ, ṣùgbọ́n Òyìnbó la fi ń dá a lóhùn, bí gbogbo ọmọ Abuja ṣe ń ṣe. Á pa àlọ́ fún wa, àwa á ní "Then what happened, Grandma?" á sì dákẹ́ díẹ̀ kó tó máa bá a lọ. N kò rò ó nígbà náà pé nǹkan kan wà nínú ìdákẹ́ yẹn. Lọ́jọ́ kan wọ́n tètè tú wa sílẹ̀ nílé ìwé, mo sáré ṣáájú wọlé, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó ń fi èdè ìlú rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí omi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ròyìn ẹnìkan tó ṣubú láti orí igi ìyeyè. Mo rò pé ó wà lórí fóònù ni. Nígbà tó rí mi, ó ní òun wá ṣa aṣọ. Kò sí aṣọ lórí okùn.

Nínú oṣù tí òjò ń rọ̀ jù, ìgbìmọ̀ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa pe àwọn bàbá jọ, kí olúkúlùkù sọ ohun tí yóò mú wá fún gbàǹjo. Ẹlòmíràn dárúkọ iṣu, ẹlòmíràn ewúrẹ́. Bàbá mi dìde, orí rẹ̀ wú, ó ní òun yóò mú àkọ́bí oko awọ́nríwọ́n òun wá fún Olúwa. Ṣọ́ọ̀ṣì hó, akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí òjò kan rọ̀ mọ́jú, tí pákó àgò wú, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ já. Màmá mi ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó wà nínú ilé ìwẹ̀, ọṣẹ ti bo ojú rẹ̀, ó na ọwọ́ mú kànìnkànìn, ohun tó mú le, ó sì ń mí. N kò ní ròyìn bí ìyá mi ṣe jáde. Kí a ṣáà sọ pé ó wọ ilé ìdáná kó tó rántí aṣọ ìnura. Kọ́púrà gba ihò omi jáde sí gọ́tà, ó gba ibẹ̀ lọ sí odò tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò, a kò sì rí i mọ́. Nígbà tí a sáré dé ìdí àgò, Sájẹ́ńtì ṣì wà nínú abọ́ omi rẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó ń wò wá.

Bí oko Bàbá mi ṣe parí nìyẹn. Ọ̀kan kì í bímọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ ti wà nílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ìkórè, nídìí oúnjẹ, Bàbá mi sọ ọ́ láìgbójú sókè pé èyí tó kù ni òun yóò mú lọ.  Mo mọ ẹni tí yóò rà á. Bàbá kan wà nínú ìjọ wa tó ń ta pẹpẹsúùpù ẹran ìgbẹ́ ní Jahi, òun ló máa ń ra gbogbo ohun ẹlẹ́ran ní gbàǹjo, ó sì ti ń bi mí ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì bóyá ẹran mi ń sanra. Mo bẹ Bàbá mi. Mo ní kó mú ewúrẹ́, kó mú iṣu, kó mú kẹ̀kẹ́ mi. Ó gbọ́ mi tán. "Ẹ̀bùn, mo ti fi ẹnu mi sọ ọ́ níwájú Ọlọ́run," ó ní, ojú rẹ̀ kò sì dùn. Ìyá Àgbà kò dá sí i. Ohun kan ṣoṣo ló bi Bàbá mi, bóyá ẹnikẹ́ni ló lè ra nǹkan ní gbàǹjo yìí tàbí àwọn ọkùnrin nìkan. Bàbá mi ní ẹnikẹ́ni ni. Ìyá Àgbà ní ó dáa, ó sì ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ kún tòun.

Ọjọ́ ìkórè, wọ́n di Sájẹ́ńtì lẹ́nu, wọ́n gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ obìnrin sì so ríbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọn lọ́rùn. Mo jókòó ti Ìyá Àgbà ní ìlà kẹta, n kò kọ orin kan. Iṣu lọ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ, àkùkọ kan ké nígbà tí Alàgbà tó ń lu gbàǹjo gbé e sókè, gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ tiwa dé. Alàgbà ní ẹran abàmì rèé, ẹran tí ẹnikẹ́ni kò mú wá rí, ta ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ lé e? Bàbá Jahi nawọ́. Ẹnìkan fi lé e nítorí ẹ̀fẹ̀. Bàbá Jahi tún fi lé e, ẹni ẹ̀fẹ̀ jókòó. "Ó ń lọ o," Alàgbà ní, "ó ń lọ o." Mo di ojú mi. Mo gbọ́ tí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dún, nígbà tí mo sì lajú, Ìyá Àgbà ti dìde, ó na ọ̀pá rẹ̀ sókè.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òfin kan tí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní tí wọn kò kọ sí ibì kankan. Bí ìyá tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún bá nawọ́ ní gbàǹjo, gbogbo ọwọ́ yòókù á wálẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í bá a du ọjà, iye tó bá sọ ni iye náà. Lọ́dún tó ṣáájú, ìyá kan ti fi owó adìẹ gbé àgbò lọ, ìjọ sì jó sìn ín délé. Ìyá Àgbà kò nawọ́ rí, ó máa ń ní àwọn ará Abuja ló ń ra iṣu nílé Ọlọ́run. Ó wá dárúkọ owó tí kò tó ra búrẹ́dì. Bàbá Jahi wo ọ̀pá, ó wo Ìyá Àgbà, ó rọra sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ sórí itan. Alàgbà tẹ̀ síwájú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó bi í bóyá Mama mọ ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ yìí.

"Sájẹ́ńtì ni," Ìyá Àgbà ní, ohùn rẹ̀ sì dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. "Ẹ gbé e fún mi. Kò tíì mu omi láti àárọ̀."

Ṣọ́ọ̀ṣì dàrú pẹ̀lú ẹ̀rín. Èmi nìkan ni kò lè rẹ́rìn-ín. Orúkọ tí n kò sọ fún ẹ̀dá alààyè kan, tí mo ń tẹ ẹnu mọ́ nẹ́ẹ̀tì sọ, Ìyá Àgbà ti gbọ́ ọ, ó sì ti ń pè é. Mo gbá a mọ́ níbẹ̀, mo fi ojú pamọ́ sínú ìró rẹ̀ tó ń rùn fún àdí àti káńfọ̀, ó ń gbá mi lẹ́yìn, ó ń ní ó tó, ó tó, ṣé a kú ni?

Nínú ọkọ̀, apẹ̀rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà, ríbọ́ọ̀nù pupa sì yọ jáde láàárín rẹ̀. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìkóríta Karmo kí Màmá mi tó yíjú padà láti iwájú. Ó rọra bi í pé ta ló sọ fún Mama pé Sájẹ́ńtì ni orúkọ ẹran náà.  Ìyá Àgbà ní ẹni tó bá ń jẹ ẹyin lọ́wọ́ ènìyàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó yẹ kí ènìyàn mọ orúkọ rẹ̀.  Mo rí i tí Màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan lọ́kàn, mẹ́ta, mẹ́rin, láti oṣù wo títí di oṣù wo. Lẹ́yìn náà ni Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kó má baà gbá wa mọ́ nǹkan. "Olè ẹ̀yìnkùlé," ó ń ní, "Màmá, olè tí ẹ ń bú." Ìyá Àgbà ní ẹ̀rín kọ́. Ó ní Sájẹ́ńtì ń fetí sílẹ̀ sí òun, ó sì gbọ́ èdè òun, ó sàn ju àwọn kan lọ. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀bùn, ẹran tí mo já fún ọ yẹn, gbèsè ẹyin ni. Má bínú."

Ọdún kejì ni Ìyá Àgbà padà sílé, ó sì gbé Sájẹ́ńtì dání, ó tú u sílẹ̀ létí odò kan tó jìnnà sí adìẹ ẹnikẹ́ni. Ó ti lọ bá àwọn baba rẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ìkórè ni mo fẹ́ràn jù láti rántí nínú gbogbo ọdún náà. Ọmọláńkẹ́ ké kọjá, rédíò sọ tirẹ̀. Mo dé ìdí tábìlì, mo rí ẹyin sísè méjì nínú àwo mi, wọ́n ti bó wọn, wọ́n ti wọ́n iyọ̀ sí wọn lórí. Tósìn ní ọ̀kan. Màmá mi kò wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ mi rárá, ó ń nu tábìlì tó ti mọ́. Àwọn òbí mi kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ, kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ wọn, ṣùgbọ́n mo ka iye ẹyin náà, ó sì yé mi. Mo ní, "Ẹ ṣé, Mummy." Ó ní kí n jẹun kíákíá, a ó pẹ́ dé ilé ìwé.

Mo jẹ ọ̀kan. Mo di ìkejì mú, mo gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde. Ìyá Àgbà ti wà níbẹ̀ lórí àpótí kékeré rẹ̀, oòrùn àárọ̀ ti kan àgò, Sájẹ́ńtì ti nà gbalaja sínú rẹ̀ pẹ̀lú ríbọ́ọ̀nù pupa lọ́rùn, ẹyin kan sì wà lọ́wọ́ Ìyá Àgbà. Ó wo tèmi, mo wo tirẹ̀. Gúùd mọ́níǹ ti dé orí ahọ́n mi bó ṣe máa ń dé. Mo gbé e mì.

"Okun o, Ìyá Àgbà," mo ní.

 Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹnu mi le bí òkúta, ṣùgbọ́n òun gbọ́. Ó sún lórí àpótí rẹ̀, mo sì jókòó.